Bí mo ṣe gbé Windows XP sínú kọ̀ǹpútà mi kí n lè ka àkọsílẹ̀ fọ́tò bàbá mi

Floppy márùn-ún, ìyẹn díìsìkì àtijọ́ tí wọ́n fi ń tọ́jú fáìlì, ni bàbá mi fi sílẹ̀ sínú páálí bàtà kan. Ó fi bírò kọ 1, 2 àti 3 sára mẹ́ta nínú wọn: ètò tó fi ń ṣe àkọsílẹ̀ fọ́tò rẹ̀ nìyẹn. Lára méjì tó kù, "Foto A" àti "Foto B" ló kọ síbẹ̀. Gbogbo fọ́tò tó yà ló ní nọ́ńbà lẹ́yìn, nọ́ńbà náà ló sì ń tọ́ka sí inú àkọsílẹ̀ yìí: ọjọ́ tó yà á, ibi tó ti yà á, orúkọ àwọn tó wà níbẹ̀ láti ọ̀tún sí òsì. Fọ́tò ń bẹ lọ́wọ́ wa, nọ́ńbà ń bẹ lẹ́yìn wọn, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó mọ ohun tí nọ́ńbà ń sọ. Kọ̀ǹpútà tí bàbá mi ń lò ti kú ṣáájú òun fúnra rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi ti kọ́kọ́ gbìyànjú láti ṣí ètò náà lórí láptọ́ọ̀pù rẹ̀ tó ní Windows 10 64-bit. Ẹ̀rọ náà kọ̀ jálẹ̀, ó ní ètò yìí kò lè ṣiṣẹ́ lórí òun. Ìdí rẹ̀ ni pé ayé Windows 3.1 ni wọ́n ti ṣe ètò náà, ètò 16-bit ni. Windows 64-bit kò gba ètò 16-bit rárá. Apá tó ń bá irú ètò bẹ́ẹ̀ ṣiṣẹ́, tí wọ́n ń pè ní NTVDM, kò sí nínú rẹ̀. Ó wà nínú Windows XP 32-bit ní tirẹ̀. Linux ló wà lórí kọ̀ǹpútà tèmi, mo sì dán an wò pẹ̀lú Wine, ètò tó ń jẹ́ kí ètò Windows ṣiṣẹ́ lórí Linux. Ètò náà ṣí lóòótọ́, àmọ́ ibi tó yẹ kí àkọsílẹ̀ ti hàn ṣófo. Ìgbà yẹn ni mo pinnu pé virtual machine ló kù.

Ẹni tí kò bá tíì lo virtual machine rí, kó kàn rò ó bíi kọ̀ǹpútà inú kọ̀ǹpútà. VirtualBox ni èmi lò. Yóò ṣe bí ẹ̀rọ gidi: ó ní hard disk tirẹ̀, tí kò ju fáìlì ńlá kan lọ, ó ní memory tirẹ̀, ó ní ojú ihò floppy tirẹ̀. Windows tí ẹ bá gbé sínú rẹ̀ kò ní mọ̀ pé ilé onílé lòun wà.

Floppy ni mo kọ́kọ́ bójú tó, torí òun ló lè kú nígbàkigbà. Mo ra floppy drive tó ń lo USB. Kí n tó ki ẹyọ kan bọ inú rẹ̀, mo ti ike kékeré tó wà ní igun floppy títí ihò ibẹ̀ fi là sílẹ̀ gbayawu. Bí ihò yẹn bá ti là, drive kò ní kọ nǹkan kan sórí rẹ̀ mọ́, kíkà nìkan ló kù. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fo ìgbésẹ̀ yìí. Nǹkan tí ẹ kò ní ẹ̀dà rẹ̀ ló wà lọ́wọ́ yín.

Mo fi ddrescue, ètò tó ń gba fáìlì là lórí disk tó ti ń bàjẹ́, dà wọ́n kọ, nítorí pé dd lásán, ètò ìdàkọ tó wà lórí Linux, máa ń dúró tó bá ti kan ibi tó bàjẹ́. Àṣẹ tí mo lò nìyí:

ddrescue -d -r3 /dev/sdb fotoB.img fotoB.map

Orúkọ tí drive bá jẹ́ lórí ẹ̀rọ tiyín lẹ máa fi dípò /dev/sdb, ẹ sì yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́ẹ̀mejì kí ẹ tó tẹ Enter. Fáìlì tó bá jáde gbọ́dọ̀ jẹ́ 1,474,560 bytes géérégé. Bí iye yẹn ṣe jẹ́ rèé: floppy 1.44 MB ní ojú méjì, ojú kọ̀ọ̀kan ní track 80, track kọ̀ọ̀kan (ìlà róbótó tí wọ́n ń kọ nǹkan sí) ní sector 18 (ègé kékeré), sector kọ̀ọ̀kan sì jẹ́ 512 bytes. Mẹ́rin nínú márùn-ún jáde láìsí wàhálà.

Foto B ló fi mí sínú ìpayà. Drive náà ń kà á lọ wọ́ọ́rọ́wọ́, ó dé àárín, ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í dún gìrì-gìrì, á dákẹ́, á tún dún. Sector mẹ́fà ni kò gbà á. Mo yọ floppy náà, mo ṣí irin iwájú rẹ̀ wo inú, mo rí i pé kò sí ìdọ̀tí, mo jẹ́ kó sinmi di ọjọ́ kejì. Nígbà tí mo tún pàṣẹ kan náà, ddrescue lọ wo fáìlì .map, ó sì padà sí ibi mẹ́fà yẹn nìkan, kò tún èyí tó ti kà kà. Mẹ́rin wọlé. Lẹ́ẹ̀kẹta, méjì tó kù wọlé. Mo da fáìlì márààrún sí ibi mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ kí n tó ṣe ohunkóhun mìíràn.

Lẹ́yìn èyí ló kan Windows. Windows 98 ni bàbá mi lò, òun ló sì kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn, ṣùgbọ́n 98 máa ń ta kú lóòrèkóòrè, memory tó bá sì ju 512 MB lọ máa ń dà á láàmú. XP le jù ú lọ dáadáa, CD rẹ̀ tí bàbá mi rà sì wà nílẹ̀ pẹ̀lú kọ́ọ̀dù oníhóró 25 lẹ́yìn àpò rẹ̀. Mo fún virtual machine náà ní memory 512 MB, hard disk 10 GB, CPU ẹyọ kan. Ó tó, ó tún ṣẹ́ kù.

Níbi hard disk yìí ni mo ti ṣe àṣìṣe tó gba ìrọ̀lẹ́ kan lọ́wọ́ mi. Bí ẹ bá sọ fún VirtualBox pé Windows XP lẹ fẹ́ gbé wọlé, IDE, ọ̀nà àtijọ́ tí wọ́n fi ń so hard disk mọ́ kọ̀ǹpútà, ló máa so ó mọ́. Mo rò pé SATA, ọ̀nà tuntun, á yá jù ú lọ, ni mo bá yí i padà. CD náà bẹ̀rẹ̀, ó ń kó driver (ètò kékeré tó ń jẹ́ kí Windows bá ẹ̀yà ẹ̀rọ ṣiṣẹ́) lọ lójú aláwọ̀ búlúù rẹ̀, ó dé ibi tó yẹ kó ti béèrè ibi tí yóò gbé sí, ó ní òun kò rí hard disk kankan. Mo pa fáìlì disk rẹ́, mo ṣe òmíràn, ọ̀rọ̀ kan náà. Ó pẹ́ kí n tó rántí pé XP ti jáde láti ọdún 2001, driver fún irú SATA tí VirtualBox ń lò, AHCI, kò sí lórí CD rẹ̀. Mo dá a padà sí IDE, hard disk sì yọjú lójú ẹsẹ̀. Ohun tí VirtualBox bá yàn fúnra rẹ̀ fún Windows àtijọ́, ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ìyókù rọrùn: ẹ tẹ F8 láti gba àdéhùn, ẹ tẹ Enter lórí àyè tó ṣófo, ẹ yan NTFS tó ní Quick (bí yóò ṣe ṣètò disk náà nìyẹn), ẹ fi kọ́ọ̀dù sí i nígbà tó bá béèrè. Yóò sọ pé ó ku nǹkan bíi ìṣẹ́jú 39. Tèmi kò tó 15. Bí mouse yín bá há sínú wíńdò rẹ̀ tí kò jáde mọ́, Ctrl apá ọ̀tún lẹ máa tẹ̀.

Kí n tó tan án rárá ni mo ti yọ nẹ́tíwọ́ọ̀kì rẹ̀ kúrò. Nínú Settings, ní Network, mo mú àmì kúrò níwájú Enable Network Adapter. Mo mọ̀ pé NAT, ọ̀nà tí VirtualBox ń gbà so virtual machine mọ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì, máa ń dí ẹni tó bá fẹ́ wọlé láti ìta lọ́nà, ṣùgbọ́n èmi kò rí ìdí tí XP fi gbọ́dọ̀ dé orí íntánẹ́ẹ̀tì lónìí. Ọjọ́ 8 oṣù kẹrin ọdún 2014 ni Microsoft fi í sílẹ̀. Ní 2003, nígbà tí wọ́n ṣì ń tọ́jú rẹ̀ lójú méjèèjì, kòkòrò kọ̀ǹpútà kan tó ń jẹ́ Blaster wọ inú kọ̀ǹpútà tó kàn wà lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni tẹ nǹkan kan. Ní 2017 tí kòkòrò mìíràn, WannaCry, jà, ó di dandan kí Microsoft tún ṣe àtúnṣe pàjáwìrì fún XP tí wọ́n ti pa tì láti ọdún mẹ́ta. Iṣẹ́ tí mo fẹ́ ṣe kò nílò íntánẹ́ẹ̀tì: floppy ni nǹkan máa gbà wọlé, floppy náà ni yóò gbà jáde. Ìdí nìyẹn tí n kò fi gbé Guest Additions, àfikún VirtualBox tó ń jẹ́ kí virtual machine àti kọ̀ǹpútà gidi máa pín fáìlì, pàápàá sínú rẹ̀.

Lẹ́yìn tí XP jókòó tán, mo ya snapshot, ìyẹn ni pé VirtualBox rántí bí gbogbo nǹkan ṣe rí lákòókò yẹn. Mo ki fáìlì floppy 1, 2 àti 3 bọ̀ ọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, ètò bàbá mi wọlé, mo da Foto A àti Foto B sínú fódà rẹ̀, mo tún ya snapshot kejì. Èkejì yìí ló gbà mí. Bí mo ṣe ṣí àkọsílẹ̀ náà, ètò béèrè bóyá kí òun tún index, atọ́ka tó fi ń wá nǹkan nínú àkọsílẹ̀, ṣe. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Nígbà tó parí, nọ́ńbà tó kẹ́yìn tí mo rí jẹ́ 612, bẹ́ẹ̀ sì rèé fọ́tò tó wà lọ́wọ́ wa kọjá 1,100. Àyà mi já. Mo pa virtual machine náà, mo padà sí snapshot, mo tún un ṣí, lọ́tẹ̀ yìí mo ní rárá. Nọ́ńbà 1 títí dé 1,146 pé síbẹ̀.

Wàhálà tó kù ni bí wọ́n ṣe máa jáde. Ètò náà kò mọ ọ̀nà kankan láti kó àkọsílẹ̀ fún ètò mìíràn, títẹ̀ ẹ́ sórí ìwé nìkan ló mọ̀. Ibẹ̀ ni mo gbà. Windows XP ní ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kan tí kì í ṣe ẹ̀rọ, orúkọ rẹ̀ ni Generic / Text Only. Ẹ lọ sí Printers and Faxes, ẹ tẹ Add a printer, ẹ yan Local printer, ẹ mú àmì kúrò níbi tó ti fẹ́ fúnra rẹ̀ wá ẹ̀rọ. Níbi port, ẹ yan FILE:, níbi orúkọ ilé iṣẹ́, ẹ yan Generic. Láti ìgbà náà lọ, ohun tí ètò bá rò pé òun ń tẹ̀ sórí ìwé á di ọ̀rọ̀ lásán nínú fáìlì. Mo ní kó tẹ gbogbo rẹ̀, ó béèrè orúkọ fáìlì, mo pè é ní FOTO.TXT. Kò tó ìṣẹ́jú kan.

Fáìlì náà kò kún floppy kan. Ní orí Linux, mo ṣe floppy òfìfo pẹ̀lú mkfs.fat -C jade.img 1440, mo so ó mọ́ virtual machine, mo da FOTO.TXT sí i, mo tú u, mo ṣí i níta. Mo mú àmì ìparí ojú ewé tó wà káàkiri inú rẹ̀ kúrò, mo so àwọn ìlà tó gé sí méjì pọ̀ padà, ó sì di tábìlì tí ẹnikẹ́ni lè ṣí lórí fóònù.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi fọ́tò wé àkọsílẹ̀. Ètò náà kò gba àmì ohùn, gbogbo rẹ̀ wà ní gbalasa bí bàbá mi ṣe tẹ̀ ẹ́. Mo dé nọ́ńbà 731, ènìyàn márùn-ún ló dúró níbẹ̀. Ó kọ orúkọ mẹ́rin. Níbi ẹnì kẹta, ohun tó kọ ni: "E bi iya awon omo."

Mo mú fọ́tò náà lọ bá ìyá mi. Wọ́n gbà á, wọ́n gbé e súnmọ́ iná, wọ́n sì dárúkọ obìnrin náà kí n tó bèèrè tán. Mo tẹ̀ ẹ́ sí i.