Bí mo ṣe tún ọ̀rọ̀ tó ń jáde lábẹ́ orúkọ sáìtì àǹtí mi lórí Google kọ

Àǹtí mi ń ta àdìrẹ n'Ítòkú, l'Ábẹ́òkúta, wọ́n sì ní sáìtì. Nígbà tí mo wọ Search Console wọn, ibi tí Google ti ń fi han ẹni tó ni sáìtì bí sáìtì ẹ̀ ṣe ń jáde, ni mo rí i pé sáìtì yẹn ń jáde fáwọn èèyàn dáadáa o, àmọ́ wọn kì í tẹ̀ ẹ́, wọ́n á kàn wò ó wọ́n á kọjá lọ, bí ẹni tó gba iwájú ṣọ́ọ̀bù kọjá tẹ́nikẹ́ni ò pè é.

Mo bá tẹ "adire eleko" sí Google, mo wá a lọ títí mo fi rí tiwa. Ohun tó wà lábẹ́ orúkọ ẹ̀ ò ju "Ẹ káàbọ̀ sórí sáìtì wa, a ń ta ojúlówó ọjà lówó pọ́ọ́kú" lọ. Mo wo péèjì míì, ohun kan náà ni. Péèjì 23, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni ẹni tó bá wọn ṣe sáìtì lẹ̀ mọ́ gbogbo ẹ̀ lára. Ó dùn mí, torí iṣẹ́ ọwọ́ gidi laṣọ yẹn.

Meta description lorúkọ ọ̀rọ̀ yẹn. Kò lè gbé sáìtì gòkè o, láti 2009 ni Google ti sọ ọ́ gbangba pé àwọn ò wo tìyẹn tí wọ́n bá ń to sáìtì. Iṣẹ́ tiẹ̀ ni kó jẹ́ kí ẹni tó ti rí ẹ fẹ́ wọlé.

Kí n tó kọ nǹkankan, mo jókòó ti àǹtí ní ṣọ́ọ̀bù ní Sátidé kan, mò ń kọ ohun táwọn kọ́sítọ́mà ń bi wọ́n sílẹ̀. Yáàdì mélòó ni? Ṣé kò ní ṣí tí mo bá fọ̀ ọ́? Ṣé ọwọ́ lẹ fi ya á àbí ẹ̀rọ ló tẹ̀ ẹ́? Ṣé ẹ lè bá mi gbé e dé Èkó? Ẹyọ ẹnì kan ò béèrè bóyá "ojúlówó" ni.

Ibẹ̀ ni mo ti mú ti ẹlẹ́kọ jáde: "Àdìrẹ ẹlẹ́kọ yáàdì 5, ẹ̀kọ láfún la fi ya á, ọwọ́ la fi ya á. Ẹ wo àwọ̀ tó wà nílẹ̀, iye tá à ń tà á àti bá a ṣe ń gbé e dé Èkó." Òyìnbó ni mo fi kọ ọ́ sórí sáìtì torí òun làwọn oníbàárà fi ń wá a, àmọ́ ohun tó sọ nìyẹn. Ti oníko ò lè jọ tiẹ̀, torí okùn ìko ni wọ́n fi ń so ìyẹn, àwọn tó ń wá a sì mọ̀yàtọ̀.

Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ni mo kọ́kọ́ kọ ọ́ ṣá. Ìtàn àwọn ìyá wa l'Ábẹ́òkúta ni mo fi bẹ̀rẹ̀, ó dáa lójú kọ̀ǹpútà, ìgbà tí mo wò ó lórí fóònù ni mo rí i pé wọ́n ti gé e kó tó kan yáàdì. Google ò fún ẹnikẹ́ni níye kan pàtó, bí ojú fóònù tàbí kọ̀ǹpútà bá ṣe fẹ̀ tó ni wọ́n ń gé e, ó sábà máa ń tó lẹ́tà 155 sí 160 lórí kọ̀ǹpútà, bí 120 lórí fóònù. Lópin 2017 wọ́n fẹ̀ ẹ́ sí bíi 300, àwọn èèyàn sáré lọ tún tiwọn kọ, nígbà tó fi máa di May 2018 wọ́n ti fà á kúrú padà. Torí náà ohun tí kọ́sítọ́mà ń béèrè ni kó ṣáájú, ìtàn lè wà nínú péèjì.

Ti kàǹpálà ló fún mi níṣẹ́ jù. Google ò lo ohun tí mo kọ rárá, inú péèjì ni wọ́n ti lọ mú gbólóhùn tó sọ iye owó. Mo wo ohun táwọn èèyàn ń tẹ̀ kí wọ́n tó rí péèjì yẹn, owó àti yáàdì ló kún inú ẹ̀, èmi ò sì dárúkọ méjèèjì! Mo fi wọ́n sí i, mo ní kí Google wá tún un wò, lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan tèmi jáde, wọ́n sì kọ "kampala" àti "5 yards" ní dúdú kirikiri.

Péèjì mẹ́rin ló ṣẹ́ kù. Aṣọ orí wọn ti tán ní ṣọ́ọ̀bù, mi ò sì ní kọ ohun tí kò sí nílẹ̀, mò ń dúró de ìgbà tí àǹtí máa rẹ òmíì.