Bí Mo Ṣe Gba Àyè IT ní Ilé Iṣẹ́ Tí Gbogbo Ọmọ Ẹnjiníárìn Ń Lé

Ọba Àkrán n'Íkẹjà ni ilé iṣẹ́ náà wà. Ike ni wọ́n ń ṣe, tọ̀sán tòru ni ẹ̀rọ wọn ń ṣiṣẹ́, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n sì ń gbà lẹ́ẹ̀kan fún IT (iṣẹ́ tí ilé ìwé ní kí akẹ́kọ̀ọ́ lọ fi kọ́ṣẹ́ nílé iṣẹ́) ò pọ̀ rárá. Ìdí tí wọ́n fi ń lé e ò fara sin: ẹni tó bá lo oṣù mẹ́fà níbẹ̀ á fọwọ́ ara rẹ̀ tú motor, á mọ inú panel (àpótí tí wọ́n fi ń darí iná ẹ̀rọ), á mọ bí compressor àti jẹnẹrétọ̀ ńlá ṣe ń ṣiṣẹ́. Níbòmíì, oúnjẹ ọ̀gá ni wàá máa lọ rà títí oṣù mẹ́fà á fi pé.

Wọ́n máa ń sọ fún ẹni tó ń wá IT pé kó ní ìforítì. Mi ò jiyàn. Àmọ́ ìforítì tó gba àyè fún mi kì í ṣe ti ẹni tó ń pààrà géètì tó ń bẹ̀bẹ̀. Mo mọ ọjọ́ tí àyè máa ṣí, mo mọ ẹni tí ọ̀rọ̀ náà kàn gan-an, ọjọ́ tí wọ́n bá sì dá fún mi ni mo ń padà lọ, kì í ṣe ọjọ́ tó wù mí.

Kàlẹ́ńdà ló kọ́kọ́ ṣe pàtàkì. Láti 1973 ni ITF, àjọ ìjọba tó ń rí sí ìkọ́ṣẹ́, ti bẹ̀rẹ̀ SIWES, ètò tí IT wà lábẹ́ rẹ̀. Ọmọ yunifásítì tó ń kọ́ ẹnjiníárìn sábà máa ń lọ fún oṣù mẹ́fà ní 400 level. Ọmọ póòlì ń lo oṣù mẹ́rin láàárín ND1 àti ND2. Tó bá sì parí ND, ọdún kan gbáko ló máa fi ṣiṣẹ́ kó tó padà lọ ṣe HND. Ẹnu géètì kan náà ni gbogbo wọn ń já sí. Bí ilé ìwé mélòó kan bá tú akẹ́kọ̀ọ́ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, lẹ́tà á kún orí tábìlì HR (ọ́fíìsì tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́) débi pé wọn ò ní kà á tán. Ṣùgbọ́n oṣù mẹ́rin, oṣù mẹ́fà àti ọdún kan kì í parí lọ́jọ́ kan náà, ìyanṣẹ́lódì sì máa ń da kàlẹ́ńdà rú, nítorí náà àyè kan lè ṣí sílẹ̀ ní oṣù tí kò sẹ́ni tó ń wá a.

Àwọn tó ń ṣe IT níbẹ̀ lọ́wọ́ ló mọ oṣù náà. Mo wá wọn lọ síbi tí wọ́n ti ń jẹun ọ̀sán, ní ìsọ̀ olóúnjẹ tó kọjú sí géètì. Ọmọ IT ò ṣòro dá mọ̀: overall tó wọ̀ sábà máa ń tóbi jù ú lọ. Ohun tí mo bi wọ́n ni ẹ̀ka tí wọ́n wà, ọjọ́ tí wọ́n máa parí, ọ̀gá tó ń fọwọ́ sí logbook wọn (ìwé tí wọ́n ń kọ iṣẹ́ ojoojúmọ́ sí), àti bóyá wọ́n ti mú ẹni tó máa rọ́pò wọn. Má fi ti ọ̀gá yẹn ṣeré. Ẹni tó ń fọwọ́ sí logbook ni iṣẹ́ máa wọ̀ lọ́rùn tí ọmọ IT bá lọ tí kò sì sẹ́ni tó rọ́pò rẹ̀. HR ò mọ̀ ọ́n lára.

Gbogbo ohun tí mo gbọ́ ni mo kọ sínú ìwé kékeré kan tí mo fa ìlà sí: orúkọ ilé iṣẹ́, ẹ̀ka, orúkọ ọ̀gá, ọjọ́ tí àyè máa ṣí, ọjọ́ tí mo lọ, ohun tí wọ́n sọ. Má kọ ilé iṣẹ́ kan ṣoṣo síbẹ̀. Mo fi ti Ìlúpéjú, ti Ìsọlọ̀ àti ti Agbára kún un, mo sì ń to àwọn tó wà lójú ọ̀nà kan náà pọ̀ kí owó ọkọ̀ má bàa ṣòfò. Ní ti Agbára, ìpínlẹ̀ Ògùn ni. Ẹni tí kò bá níbi tó máa sùn nítòsí, kó ṣírò owó ọkọ̀ oṣù mẹ́fà kó tó fi lẹ́tà sílẹ̀, kó má sì gbọ́kàn lé pé ilé iṣẹ́ máa san nǹkan kan.

Ìwé mẹ́rin ló wà nínú ẹ́ńfílóòpù mi: lẹ́tà láti ọ́fíìsì SIWES ilé ìwé, lẹ́tà tí mo kọ fúnra mi, CV ojú ewé kan, ẹ̀dà káàdì ìdánimọ̀. Mo kọ orúkọ àti nọ́ńbà fóònù mi sẹ́yìn ọ̀kọ̀ọ̀kan, torí wọ́n á tú wọn kúrò lára ara wọn, lẹ́tà ilé ìwé tí kò ní nọ́ńbà ò sì wúlò fún ẹnikẹ́ni. Lára ẹ́ńfílóòpù níta, mo kọ ọ́ gàdàgbà pé IT ni, Electrical, oṣù mẹ́fà, pẹ̀lú ọjọ́ tí mo lè bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó ń wá ẹni tó máa rọ́pò ọmọ IT rẹ̀ á ti rí ohun tó ń wá kó tó ṣí i.

Wo ọjọ́ tó wà lára lẹ́tà ilé ìwé dáadáa. Tí ilé ìwé bá sún IT síwájú, lẹ́tà tó ní kó o bẹ̀rẹ̀ lóṣù tó kọjá ti kú nìyẹn, HR ò sì ní pè ọ́ béèrè, wọ́n á kàn gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Padà lọ gba òmíràn. Gba ẹ̀dà tó pọ̀ tó ní òǹtẹ̀ gidi. Àwọn ilé iṣẹ́ kan kì í gba fọ́tòkọ́pì.

Nínú lẹ́tà tèmi, mi ò kọ pé mo jẹ́ aláápọn tó ń fẹ́ láti kẹ́kọ̀ọ́. Gbogbo wọn ló ń kọ ìyẹn. Mo kọ ọ́ sí ọ̀gá maintenance, ẹ̀ka tó ń tún ẹ̀rọ ṣe, ní orúkọ rẹ̀, ìpínrọ̀ mẹ́ta péré. Èkíní sọ ẹ̀ka tí mo fẹ́ àti ọjọ́ tí mo lè bẹ̀rẹ̀, èyí tó bọ́ sí ọ̀sẹ̀ kan kí ọmọ IT tó wà níbẹ̀ tó parí, kó lè fi iṣẹ́ hàn mí. Ìkejì sọ ohun tí ọwọ́ mi lè ṣe: mo lè ka wiring diagram, mo lè fi multimeter (ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn iná) wá ibi tí waya ti já, mo ti to direct-on-line starter, èyí tó ń tan motor ní tààrà, ní lábù. Ìkẹta sọ pé mo ní bàtà ààbò tèmi, mo sì lè ṣe shift alẹ́. Ìlà tó gbẹ̀yìn yìí kéré, àmọ́ nílé iṣẹ́ tí ẹ̀rọ kì í sùn, òun ni wọ́n máa ń kà lẹ́ẹ̀mejì.

Ó wá ku géètì. Sìkiọ́rítì á ní, "Ta lẹ wá rí?" Tó o bá dáhùn pé "HR", á nawọ́ gba ẹ́ńfílóòpù, á jù ú sínú páálí tó wà lábẹ́ tábìlì, á ní wọ́n máa pè ọ́. Inú páálí yẹn ni IT ọ̀pọ̀ èèyàn ń parí sí. Bí mo ṣe ń dáhùn nìyí: "Ẹ káàárọ̀, sà. Ọ̀gá maintenance ni mo wá rí, lórí ọ̀rọ̀ ọmọ IT wọn tó ń parí lópin oṣù." Màá dárúkọ ọ̀gá náà, màá sì dárúkọ ọmọ IT náà. Tó bá béèrè bóyá wọ́n ń retí mi, òótọ́ ni mo ń sọ: "Rárá, sà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi pè wọ́n. Tí ọwọ́ wọn bá dí, mo lè dúró." Má purọ́ pé wọ́n ń retí rẹ. Sìkiọ́rítì ni wọ́n máa bá wí, kò sì ní jẹ́ kí ẹsẹ̀ rẹ tún kọjá ibẹ̀ mọ́. Nínú ìwé àlejò, kọ orúkọ rẹ kó hàn ketekete. Lọ́jọ́ tí ẹnikẹ́ni bá ní o ò wá, ìwé yẹn á sọ̀rọ̀ fún ọ.

Aago mẹ́wàá sí méjìlá ló dára jù. Ní kùtùkùtù, wọ́n ń pààrọ̀ shift, àwọn ọ̀gá sì wà nípàdé. Ọjọ́ Ajé ò dáa, torí gbogbo ohun tó bàjẹ́ lópin ọ̀sẹ̀ ló ń dúró dè wọ́n. Lọ́sàn-án Jímọ̀, ọkàn gbogbo èèyàn ti wà nílé.

Ọ̀gá maintenance fúnra rẹ̀ kì í kọ lẹ́tà ìgbaniwọlé o. Òun ló máa sọ pé òun fẹ́ ẹ, HR ló máa kọ ọ́. Torí náà, ẹ́ńfílóòpù méjì ni mo ń gbé lọ, ọ̀kan fún un, ọ̀kan fún HR, mo sì ń sọ fún HR pé ọ̀gá maintenance ti rí tirẹ̀. Ẹni tó bá fo HR dá, inú á bí wọn, lẹ́tà rẹ̀ á sì pẹ́ kó tó jáde.

"A máa pè yín" ni ìdáhùn tí wàá gbọ́ jù. Má kàn gbọ́ ìyẹn kó o lọ sílé. Béèrè pẹ̀lú ọ̀wọ̀: "Ẹ ṣé, mà. Tí n kò bá gbọ́ nǹkan kan títí di ọjọ́rú tó ń bọ̀, ṣé kí n yọjú?" Wọ́n sábà máa ń ní bẹ́ẹ̀ ni, torí ó rọrùn ju rárá lọ. Ọjọ́rú yẹn ni kó o dé, kì í ṣe ọjọ́bọ̀, kí o sì mú ohun tuntun kan dání: lẹ́tà ilé ìwé tí wọ́n tún ọjọ́ rẹ̀ ṣe, èsì ìdánwò sáà tó jáde, tàbí ìròyìn pé ọmọ IT tó wà níbẹ̀ ti gba ọjọ́ tó máa lọ. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ tó. Ẹni tó bá ń pe fóònù wọn lójoojúmọ́, wọ́n á block nọ́ńbà rẹ̀. Ní ti ímeèlì, mo fi ránṣẹ́, àmọ́ mi ò retí nǹkan kan níbẹ̀. Ibi tí wọ́n bá ti ní kí a forúkọ sílẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì nìkan ló ti wúlò.

Tí ọ̀gá bá pè ọ́ wọ workshop, ìdánwò ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, kódà bó bá ń rẹ́rìn-ín. Star-delta, ọ̀nà kan tí wọ́n fi ń tan motor ńlá, ni wọ́n fẹ́ràn láti béèrè. Ìdáhùn tó ń tẹ́ wọn lọ́rùn ni pé star ni motor fi ń gbéra kó tó bọ́ sí delta: lórí iná 415V, waya inú rẹ̀ kọ̀ọ̀kan ń rí nǹkan bíi 240V, current tó ń fà á sì wálẹ̀ sí ìdá kan nínú mẹ́ta ohun tí ì bá fà ní delta. Fi kún un pé agbára ìyípo rẹ̀ náà wálẹ̀ sí ìdá kan nínú mẹ́ta, torí náà motor tí ẹrù wúwo ti wà lórí rẹ̀ lè kọ̀ láti gbéra. Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n máa bi ọ́ léèrè ohun tó máa ṣẹlẹ̀ tí contactor (switch tí coil inú rẹ̀ ń fi iná fà wọlé) ti star àti ti delta bá wọlé pa pọ̀. Iná á kanra láti phase dé phase, fuse á lọ. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń gba waya coil ọ̀kan kọjá lára contact ìkejì tó máa ń ṣí nígbà tí ìyẹn bá wọlé, tí wọ́n tún ń fi irin há wọn láàárín kí méjèèjì má bàa lè wọlé pa pọ̀.

Ìbéèrè kejì jẹ́ ti ààbò: kí lo máa ṣe kó o tó fọwọ́ kan inú panel? "Màá pa switch" ò tó. Pa isolator (switch ńlá tó ń gé iná kúrò), fi páádì rẹ tì í, gbé kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sápò ara rẹ, so káàdì tó ní orúkọ rẹ mọ́ ọn. Fi multimeter wo ibi tí o mọ̀ pé iná wà kó lè dá ọ lójú pé ó ń ṣiṣẹ́, wo ibi tí o fẹ́ ṣiṣẹ́ sí, kí o sì tún padà wo ti àkọ́kọ́. Ìgbésẹ̀ kẹta yìí ni wọ́n fi ń mọ ẹni tó ti ṣe é rí.

Tí wọ́n bá gbà ọ́, má kúrò níbẹ̀ láìka lẹ́tà náà. Ó gbọ́dọ̀ wà lórí ìwé ilé iṣẹ́, kí ó ní ọjọ́ ìbẹ̀rẹ̀ àti ọjọ́ ìparí, ẹ̀ka tí wọ́n fi ọ́ sí, ìbuwọ́lù àti òǹtẹ̀. Ti ẹ̀ka ṣe kókó. Tí wọn ò bá kọ ọ́, o lè bá ara rẹ ní store tàbí nídìí fáìlì títí tó o fi parí. Ẹni tó bá ní kó o san owó kó tó fún ọ ní lẹ́tà, yálà aṣojú ni tàbí òṣìṣẹ́, fi í sílẹ̀, lẹ́tà rẹ̀ sábà máa ń jẹ́ ayédèrú, ilé iṣẹ́ ò sì ní mọ̀ ọ́ nígbà tí olùbẹ̀wò láti ilé ìwé bá dé.

Ẹ̀dà lẹ́tà ìgbaniwọlé ń lọ sí ọ́fíìsì SIWES ní kíá, pẹ̀lú àwọn fọ́ọ̀mù SIWES tí wọ́n ń pè ní SCAF àti SPE-1, tí ilé iṣẹ́ bá ti kọ apá tiwọn tí wọ́n sì ti lu òǹtẹ̀ mọ́ ọn. Logbook, ojoojúmọ́ ni kíkọ rẹ̀; jẹ́ kí ọ̀gá fọwọ́ sí i ní gbogbo Jímọ̀, torí tó bá gba ìsinmi tàbí tó kúrò níṣẹ́, kò sẹ́ni tó fẹ́ fọwọ́ sí oṣù méjì tí kò sí níbẹ̀. Form 8, fọ́ọ̀mù ITF fún ìparí IT, ń dúró de ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn: ilé iṣẹ́ á kọ tiwọn, wọ́n á lu òǹtẹ̀ mọ́ ọn, ilé ìwé náà á kọ tiwọn. Ya àwòrán rẹ̀ sórí fóònù kó o tó fi sílẹ̀.