Bí mo ṣe fi oòrùn yọ iyọ̀ kúrò nínú omi kànga ní Àgbádárìgì

Láàárín ọ̀sà àti òkun ní Àgbádárìgì, omi kò wọ́n, omi mímu ló wọ́n. Kànga ilé ẹ̀gbọ́n màmá mi kò jìn, omi rẹ̀ sì mọ́ lójú, àmọ́ iyọ̀ inú rẹ̀ kì í jẹ́ kí ọṣẹ hó. Píọ̀ wọ́tà tí ọkọ̀ ojú omi ń gbé sọdá ni wọ́n ń rà mu. Sísè kò ràn án: oru á lọ, iyọ̀ á dúró, omi tó kù nínú ìkòkò á tún wá dùn bí iyọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Oru tó ń lọ yẹn gan-an ni mo fẹ́ mú.

Ọgbọ́n yìí, kí oòrùn sọ omi iyọ̀ di oru lábẹ́ gíláàsì, kí oru náà sì tún di omi mímu, ti pẹ́. Ní 1872, ẹnjiníà kan, Charles Wilson, kọ́ irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ sí Las Salinas ní aṣálẹ̀ ilẹ̀ Chile. Ó fẹ̀ ju 4,000 mítà onígun mẹ́rin lọ, ó sì ń mú nǹkan bí 20,000 lítà omi wá lóòjọ́. Àwọn ìbaaka tó ń ṣiṣẹ́ níbi ìwakùsà wà lára àwọn tó ń mu ún.

Tèmi kò ju àpótí kan lọ. Káfíńtà fi púláńkì kàn án, mítà kan níbùú, mítà kan lóròó, ẹ̀yìn ga ju iwájú lọ kí gíláàsì tó bò ó lè dagẹ̀rẹ̀. A kọ iwájú rẹ̀ sí ìhà òkun, torí gúúsù ni oòrùn ń gbà jù nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Páànù pẹlẹbẹ la fi ṣe àwo inú, a kùn ún ní ọ̀dà dúdú tí wọ́n fi ń kun táǹkì omi mímu. A ki èèpo àgbọn gbígbẹ sáàárín páànù àti pákó kí ooru má baà sá. Ta ló ń ra èèpo àgbọn ní Àgbádárìgì?

Orí gíláàsì la ti ṣàríyànjiyàn. Káfíńtà ní ọ̀rá ló dáa, kì í fọ́. Mo ní, "Bọ̀dá, ẹ jẹ́ ká fi gíláàsì ṣe é." Lára ọ̀rá, oru á di ẹ̀kán, á já padà sínú omi iyọ̀. Lára gíláàsì tó mọ́, á tẹ́ pẹẹrẹ, á máa ṣàn wá sísàlẹ̀, níbi tí páìpù PVC tí mo là sí méjì ti ń gbà á lọ sínú kẹ́ẹ̀gì. Sílíkọ̀n la fi dí gbogbo etí rẹ̀. Bí oru bá rí ihò bí orí abẹ́rẹ́, ibẹ̀ ni yóò gbà lọ. Omi inú àwo kò gbọdọ̀ ju ìka méjì lọ kó lè tètè gbóná. Omi tó kọ́kọ́ jáde, dídà la dà á nù títí òórùn ọ̀dà fi lọ.

Ní aṣálẹ̀ tí kùrukùru kò sí, àpótí tó tóbi báyìí lè mú lítà 3 sí 5 wá lóòjọ́. Tiwa ń tó lítà 2 àti díẹ̀ bí oòrùn bá mú gan-an. Nígbà òjò, ẹ má ṣírò ó rárá. Lítà kan ṣoṣo ń gba nǹkan bí 0.63 kWh agbára oòrùn kó tó di oru, ojú ọ̀run tiwa kì í sì í fúnni bẹ́ẹ̀ lójoojúmọ́. Fún arúgbó kan tó ń mu omi sí oògùn rẹ̀, ó tó. Fún agboolé, àpótí púpọ̀ ni.

Ẹ̀gbọ́n màmá mi tọ́ ọ wò, wọ́n ní kò ládùn, bí omi òjò ló rí. Wọ́n dà á sínú àmù, ó sì tẹ́ wọn lọ́rùn lọ́jọ́ kejì.

Láràárọ̀, a máa ń da omi àná inú àwo nù kí iyọ̀ má baà di èèpá, a sì máa ń nu gíláàsì. Kànga tí pẹtiróòlù bá ti kán sí kò yẹ fún un, torí pẹtiróòlù náà ń di oru, á bá omi sọdá. Ẹ sì mọ bí ọ̀rọ̀ epo ṣe rí lẹ́bàá ẹnubodè tiwa.

Àdúgbò ti gbọ́ báyìí. Ọkùnrin kan tó ní ìnfátà wá bẹ̀bẹ̀ fún omi bátìrì, torí irú omi tí kò ní iyọ̀ yìí náà ni bátìrì rẹ̀ ń mu. Ẹ̀gbọ́n màmá mi ní kó lọ bá káfíńtà kó kan àpótí tirẹ̀ fún un.