Fudge Kérésìmesì: Ìkánjú Ló Ń Sọ Ọ́ Di Yanrìn

Bí fudge, ìpápánu dídùn tí wọ́n ń fi ṣúgà, mílíìkì àti bọ́tà sè, bá ń ha ahọ́n bíi yanrìn, kì í sábà jẹ́ pé èròjà ló burú. Ṣúgà tó ti yọ́ máa ń fẹ́ padà di hóró. Gbogbo iṣẹ́ ẹni tó ń sè é ni kí hóró náà kéré débi tí ahọ́n ò ní mọ̀ ọ́n.

Fún páànù onígun mẹ́rin tó fẹ̀ tó 20 cm: ṣúgà 450 g, mílíìkì olómi inú agolo 320 ml, bọ́tà 85 g àti ṣíbí ìjẹun kan glucose syrup (omi ṣúgà tó ki), tí kì í jẹ́ kí hóró ṣúgà tètè ṣùjọ. Ẹ má fi mílíìkì dídùn tó ki rọ́pò ti olómi. Ṣúgà á pọ̀ jù.

Ẹ má lo ìkòkò kékeré. Mílíìkì máa ń ru, nítorí náà ẹ wá ìkòkò tó gba lítà 3, tí ìdí rẹ̀ nípọn.

Ẹ má jẹ́ kí àpòpọ̀ èròjà wọ̀nyẹn hó kí ṣúgà tó yọ́ tán. Orí iná kékeré ni kẹ́ ẹ ti máa rò ó, títí ṣíbí igi ò fi ní máa dún kẹrẹkẹrẹ nídìí ìkòkò mọ́. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì tí ẹ rẹ sómi nu èyí tó lẹ̀ mọ́ ara ìkòkò: hóró kan péré tó bá já bọ́ síbẹ̀ lè pe ìyókù jọ.

Ojú kọ́ la fi ń mọ̀ pé ó jinná. 112 sí 116°C ló yẹ kó dé. Bí kò bá dé ibẹ̀, kò ní dì. Bó bá kọjá 118, á gbẹ, á sì máa rún. Ẹ kọ́kọ́ ki tẹmómítà bọ omi híhó. Bó bá ka 98 dípò 100, ẹ yọ 2 kúrò nínú ìwọ̀n yẹn. Nílùú Denver ní Amẹ́ríkà, tó wà lórí òkè, omi ń hó ní nǹkan bíi 95, ẹni tó wà níbẹ̀ á yọ 5.

Lẹ́yìn tó bá kúrò lórí iná ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń bà á jẹ́. Bẹ́ ẹ bá rò ó nígbà tó ṣì ń gbóná, hóró díẹ̀ ló máa yọ, wọ́n á sì ráyè tóbi. Ẹ gbé e sílẹ̀, ẹ má mì ín, ẹ má fọwọ́ kàn án títí yóò fi tutù dé 45°C. Ó lè tó wákàtí kan. Ìgbà yẹn ni kẹ́ ẹ wá rò ó kíkankíkan. Àìmọye hóró á yọ lẹ́ẹ̀kan náà, kò sì ní sí àyè fún ọ̀kankan láti dàgbà. Apá á ro yín, àmọ́ ẹ máa wo ojú rẹ̀ dáadáa: bí dídán rẹ̀ bá ṣe ń ṣá tí ipa ṣíbí ò sì tètè pa rẹ́, ẹ dà á sínú páànù kíá. Bẹ́ ẹ bá fi falẹ̀, inú ìkòkò ló máa dì sí.

Atalẹ̀ tútù ò dáa fún un, torí èròjà kan wà nínú rẹ̀ tó ń mú kí mílíìkì ṣù. Atalẹ̀ gbígbẹ lílọ̀ ni kẹ́ ẹ lò, ṣíbí ìmutíì kan, pẹ̀lú sínámọ́nì ìwọ̀n kan náà àti kànáfùrù lílọ̀ tí ò ju èyí tí ìka méjì lè bù lọ. Kànáfùrù máa ń bo gbogbo adùn yòókù. Kó tó di pé ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í rò ó kíkankíkan ni kẹ́ ẹ dà wọ́n sí i, pẹ̀lú fanílà, tí òórùn rẹ̀ máa ń bá ooru lọ lórí iná.

Bó bá ti di yanrìn, ẹ má dà á nù. Ẹ dá a padà sínú ìkòkò pẹ̀lú omi 300 ml, ẹ yọ́ ọ lórí iná kékeré, kẹ́ ẹ sì sè é dé ìwọ̀n kan náà. Ẹ fi atalẹ̀ díẹ̀ kún un lẹ́yìn tó bá tutù, torí sísè ẹlẹ́ẹ̀kejì máa ń dín òórùn rẹ̀ kù.