Kọngílá kékeré àti ìlànà tuntun: bí ẹ ṣe máa du iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ báyìí

Ní oṣù karùn-ún ọdún 2025, ìgbìmọ̀ aláṣẹ ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ìlànà kan tí wọ́n pè ní Nigeria First. Kò lọ́jú pọ̀ rárá: ohun tí wọ́n bá ń ṣe nílé, iléeṣẹ́ ìjọba kò gbọdọ̀ rà á wá láti òkè òkun, àyàfi tí BPP, àjọ tó ń ṣọ́ bí ìjọba ṣe ń rajà, bá fún un láyè. Àwa tá a ti ń kó ọjà fún ìjọba látọjọ́ mọ̀ pé iye owó ni wọ́n máa ń bi wá. Ní báyìí, wọ́n á tún bi wá pé níbo lọjà ti wá.

Ẹ má torí ìyẹn gbàgbé òfin ọdún 2007 tó dá BPP sílẹ̀ o. Òun ṣì lọba. Ìwé tí kò pé ló ń lé ọ̀pọ̀ kọngílá padà sílé, kẹ́nikẹ́ni tó wo iye tí wọ́n dá lé iṣẹ́.

1. Oṣù kìn-ín-ní ni kẹ́ ẹ ti tún ìwé yín ṣe: CAC (ìforúkọsílẹ̀ iléeṣẹ́), ẹ̀rí owó-orí ọdún mẹ́ta, PenCom (owó ìfẹ̀yìntì òṣìṣẹ́), ITF (owó ìdánilẹ́kọ̀ọ́ òṣìṣẹ́), NSITF (owó ìdáàbòbò fún òṣìṣẹ́ tó bá farapa lẹ́nu iṣẹ́), àti ìwé ìforúkọsílẹ̀ lọ́dọ̀ BPP tí gbogbo wa ń pè ní IRR. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ń kú ní ọjọ́ 31 oṣù kejìlá. Ẹni tó bá dúró dìgbà tí ìkéde jáde, ẹnu sísáré kiri ni yóò wà tí wọ́n á fi ti àpótí tí wọ́n ń ju ìwé àwọn tó ń du iṣẹ́ sí. Ẹ tún lọ búra ní kóòtù pé kò sí òṣìṣẹ́ BPP tàbí ti iléeṣẹ́ tó ń gbéṣẹ́ jáde tó wà lára àwọn olùdarí yín.

2. Iṣẹ́ tó bá ṣí sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ du ú, òfin ọdún 2007 ní ó gbọ́dọ̀ jáde nínú ìwé ìròyìn méjì ó kéré tán, ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kí ọjọ́ tó pé. Ẹ máa wò ó.

3. Ẹ tọpa ọjà yín. Ibí yìí niṣẹ́ wà. Ẹ jẹ́ ká ní àga ọ́fíìsì ọgọ́rùn-ún ni wọ́n fẹ́. Ẹ mú bébà, ẹ fa ìlà sí i lọ́nà mẹ́ta: ohun èlò, ẹni tó ṣe é, ibi tó ti wá. Irin ẹsẹ̀ àga, wẹ́dà kan ló jó o pọ̀ ní Mushin. Fóòmù, iléeṣẹ́ kan nílẹ̀ yìí ló ṣe é. Aṣọ tí wọ́n fi bò ó, Ṣáínà ló ti wá. Ẹ kọ ọ́ bó ṣe rí, ẹ má sọ aṣọ Ṣáínà di ti Àbá. Lẹ́yìn náà, ẹ gba lẹ́tà lọ́wọ́ ẹni tó ṣe ọjà pé òun ló ṣe é, àti iye tó lè ṣe lóṣù. Bí wẹ́dà yín ò bá ní lẹ́tà, ẹ gba rísíìtì, kẹ́ ẹ sì ya àwòrán ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ohun tí wọn ò bá ṣe nílé ńkọ́? Iléeṣẹ́ ìjọba ló máa tọrọ àyè lọ́wọ́ BPP, kì í ṣe ẹ̀yin. Ṣùgbọ́n ẹ kọ̀wé bi wọ́n kẹ́ ẹ tó ju tẹ́ńdà yín, ìyẹn ìwé tẹ́ ẹ fi ń du iṣẹ́ tó ní iye owó yín, sínú àpótí.

4. Àpòòwé tẹ́ńdà. Ẹ lẹ̀ ẹ́ pa, ẹ jù ú sínú àpótí, kẹ́ ẹ sì gba rísíìtì tó ní ọjọ́ àti aago. Lọ́dún kan, mo dé iléeṣẹ́ kan ní Àbújá láago méjìlá kọjá ìṣẹ́jú méje. Méjìlá géérégé ni wọ́n ní kó parí. Ọmọkùnrin tó jókòó ti àpótí ò tiẹ̀ jágbe mọ́ mi. Ó kàn dá àpòòwé náà padà, tépù ẹ̀ ò já. Ohun tófin wí náà nìyẹn. Látìgbà náà, àná ọjọ́ tẹ́ńdà ni mo máa ń sùn sí Àbújá.

5. Ẹ má tètè lọ sílé lọ́jọ́ tí wọ́n bá ń ṣí àpótí. Wọ́n á ka orúkọ àti iye owó kálukú sókè, ẹ kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Ẹni tí iye rẹ̀ kéré jù lọ láàárín àwọn tó pé ojú ìwọ̀n ló yẹ kó gbà á. Bí ẹ bá rí màgòmágó, ọjọ́ iṣẹ́ 15 lẹ ní láti kọ̀wé sí akọ̀wé àgbà iléeṣẹ́ ìjọba náà, tàbí ọ̀gá àgbà tó bá jẹ́ àjọ, látọjọ́ tẹ́ ẹ ti mọ̀. Òun náà ní ọjọ́ iṣẹ́ 15 láti dáhùn. Bí ìdáhùn rẹ̀ ò bá tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ ní ọjọ́ iṣẹ́ 10 láti gbé e lọ sí BPP.

Bí òṣìṣẹ́ kan bá ní kẹ́ ẹ jẹ́ kí àwọn gé iṣẹ́ náà sí wẹ́wẹ́ kó má bàa kọjá ààlà owó tí wọ́n fi ń mọ ìlànà tí iṣẹ́ gbọ́dọ̀ gbà, ẹ sá. Ẹ̀wọ̀n ọdún márùn-ún sí mẹ́wàá ló wà níbẹ̀ fún kọngílá, kò sì sáyè pé kó san owó ìtanràn dípò rẹ̀.

6. Lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá ti kó ọjà dé, ẹ mú ìwé owó yín lọ, kí wọ́n lu òǹtẹ̀ tó ní ọjọ́ sí ẹ̀dà tiyín. Tí ọjọ́ 60 bá kọjá tí wọn ò san án, òfin ka owó náà sí èyí tó ti pẹ́, èlé sì ti wọ̀ ọ́ bí ìwé àdéhùn yín ṣe là á sílẹ̀. Ẹ̀dà tèmi wà nínú fáìlì aláwọ̀ ewé kan, ọ̀tọ̀ sí ti tẹ́ńdà.