Bí Nǹkan Bá Gbá Ojú Tí Wọ́n Ti Ṣe Iṣẹ́ Abẹ Fún Rí: Bẹ́ ẹ Ṣe Máa Ṣe é Kẹ́ ẹ Tó Dé Ọsibítù

Màmá wa kan wà ní Ìtòkú l'Abẹ́òkúta, iṣẹ́ àdìrẹ ni wọ́n ń ṣe, wọ́n ti yọ kátáráàtì lójú ọ̀tún wọn láti bí ọdún 6, ojú yẹn gan-an ni wọ́n fi ń ka Bíbélì. Lálẹ́ ọjọ́ kan ọmọ-ọmọ wọn tó ń fò lórí itan wọn kàn fi orí gbá wọn lójú, gbàà! Wọ́n ní kò fi bẹ́ẹ̀ dun àwọn. Wọ́n fi etí ìró nu omi tó ń jáde, wọ́n bu omi tútù bọ̀ ọ́, wọ́n fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ̀ ẹ́ díẹ̀, wọ́n lọ sùn. Ìgbà tílẹ̀ mọ́ ni mo wo ọmọlójú wọn, kò rí roboto mọ́, ó ti fà sókè bí ẹ̀kán omi tó fẹ́ já bọ́. Gbogbo ohun tí wọ́n ṣe lálẹ́ yẹn pátá ni kò yẹ kí wọ́n ṣe, èmi náà ò sì mọ̀ nígbà yẹn.

Ojú tí wọ́n ti là rí dà bí igbá tó fọ́ tí wọ́n rán padà. Ó ń gbomi lóòótọ́, àmọ́ tó bá já lulẹ̀, ojú ibi tí wọ́n rán yẹn ló máa kọ́kọ́ là. Kátáráàtì ayé àtijọ́, wọ́n lè la ojú tó mílímítà 10 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kí wọ́n tó rán an, ti ìgbàlódé tí wọ́n ń fi ẹ̀rọ ṣe ò ju bíi 2 sí 3 lọ, ìyẹn kì í sì í tètè là bíi ti tẹ́lẹ̀. Ẹni tí wọ́n pààrọ̀ awọ iwájú ojú fún ló yẹ kó ṣọ́ra jù, torí ó lè ṣí lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún. Ẹ má sì fi ìrora díwọ̀n ẹ̀, ojú míì kì í fi bẹ́ẹ̀ mọ ìrora mọ́ lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ.

Ó dáa, ká ní nǹkan ti gbá ẹnì kan ní ojú tí wọ́n ti là rí. Ẹ jẹ́ kó jókòó, kó gbé orí sókè, kẹ́nikẹ́ni má tẹ ojú yẹn, òun náà ò gbọdọ̀ ra á, kó má fun imú, kó má bẹ̀rẹ̀ gbé nǹkan. Tí nǹkan bá gún un tó ṣì wà níbẹ̀, ẹ má yọ ọ́ o.

Ẹ wá bi í pé kí ló wọ ojú. Ìbéèrè yìí ṣe pàtàkì gan-an fáwa ará Abẹ́òkúta, torí kọ́sítíìkì sódà tá à ń dà sínú aró, kì í ṣeré, ó máa ń wọ inú ojú lọ ju ásíìdì pàápàá. Tó bá jẹ́ kọ́sítíìkì, sìmẹ́ńtì tàbí omi bátìrì ló ta sí i, ẹ fọ̀ ọ́ lójú ẹsẹ̀, kẹ́ ẹ tó wá ọkọ̀ rárá! Omi tó mọ́, ọ̀pọ̀lọpọ̀ ẹ̀, kó máa ṣàn lórí ojú náà fún ìṣẹ́jú 15 sí 30, kí orí tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kómi má bàa wọ ojú kejì. Ẹ má fi omi ọsàn wẹ́wẹ́ pa agbára kẹ́míkà náà o, mo ti rí ẹni tó fẹ́ ṣe é.

Tí kì í bá ṣe kẹ́míkà, tó jẹ́ pé nǹkan ló gbá a tàbí gún un, ẹ má fọ̀ ọ́ rárá. Ẹ wá kọ́ọ̀bù ike tàbí ti bébà, ẹ gé ìdí ẹ̀ kó ga bí ìka méjì, ẹ dà á bo ojú kí etí ẹ̀ jókòó sórí egungun iwájú orí àti ti ẹ̀rẹ̀kẹ́, kó má kan ẹyinjú, kẹ́ ẹ wá fi plásítà lẹ̀ ẹ́. Ẹ má ki òwú sínú ẹ̀.

Ẹ má kán nǹkan kan sí i. Ògùn ojú tó ṣẹ́ kù látijọ́, omi iyọ̀, omi ọmú, ìtọ̀, tìrò, kò sí èyí tó dáa níbẹ̀. Kó má jẹun, kó má mu omi, torí wọ́n lè ní láti gbé e wọ yàrá iṣẹ́ abẹ lọ́jọ́ náà, tó bá jẹ́ alátọ̀gbẹ ẹ tètè sọ fún wọn. Kó má lo ásípírínì tàbí ibuprofen, ẹ̀jẹ̀ lè máa dà sí i.

Ẹ gbé e lọ lọ́jọ́ náà, kódà tó bá jẹ́ òru. FMC, ọsibítù ìjọba àpapọ̀ tó wà ní Ìdí-Abà l'Abẹ́òkúta, ní ẹ̀ka ojú. Kẹ̀kẹ́ Márúwá tàbí mọ́tò ni kẹ́ ẹ wọ̀, ọ̀kadà ò dáa nítorí kòtò. Ẹ mú káàdì iṣẹ́ abẹ dání, gbólóhùn àkọ́kọ́ tẹ́ ẹ máa sọ fún nọ́ọ̀sì ni pé “wọ́n ti ṣe ojú yìí rí.” Wọ́n lè fún un ní abẹ́rẹ́ tẹ́tánọ̀ọ̀sì náà.

Tí wọ́n bá ti ní kó máa lọ sílé, ẹ ṣì máa ṣọ́ ọ fún bí ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Tó bá ń rí bí mànàmáná, tí nǹkan dúdú ń fò kiri lójú ẹ̀ bí eṣinṣin, tàbí tó dà bí ẹni pé kọ́tìnì ń wálẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ẹ padà lọ lọ́jọ́ náà, awọ ẹ̀yìn ojú lè ti máa ṣí. Tí ojú kejì tí nǹkan ò ṣe bá wá ń pọ́n tàbí tó ń ṣú, ẹ sọ ìyẹn náà, ẹ má rò pé kò kàn án.

Màmá wa, wọ́n rán ojú náà. Kò ríran tó ti tẹ́lẹ̀, àmọ́ wọ́n ń rí owó tí oníbàárà bá nà sí wọn. Gọ́gù ike funfun, ìyẹn awò tó ń dáàbò bo ojú, ni wọ́n ń wọ̀ nídìí aró báyìí, wọ́n ní ó ń mú àwọn làágùn.