Fídíò eré ìdárayá wo ló yẹ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀?

Ẹ jọ̀ọ́, tẹ́ ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ bẹ̀rẹ̀, ẹ má fi HIIT (eré ìdárayá alágbára téèyàn ń yára ṣe, tá á sinmi díẹ̀, tá á tún bẹ̀rẹ̀) ṣe tọjọ́ àkọ́kọ́ o. Èmi ṣe é, ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni itan fi ro mí. Ohun tẹ́ ẹ máa tẹ̀ sórí YouTube ni "beginner low impact, no jumping", ìṣẹ́jú 10 sí 15 ti tó. Èyí tí kò ní fífò yìí ló dáa, pàápàá tẹ́ ẹ bá ń gbé lókè pẹtẹ́ẹ̀sì táwọn èèyàn wà nísàlẹ̀.

Ẹ kọ́kọ́ jókòó wò ó tán ná. Ṣé tíṣà yẹn mú ara gbóná kó tó bẹ̀rẹ̀? Tó bá ń ṣe squat (kéèyàn lóṣòó, kó tún dìde), ṣé wọ́n fi í hàn látẹ̀gbẹ́ kẹ́ ẹ lè rí bí ẹ̀yìn ẹ̀ ṣe wà, ṣé ó ń sọ ibi tí orúnkún máa kọjú sí, àbí ariwo orin nìkan lẹ̀ ń gbọ́? Èyí tó dáa máa ń fi èyí tó rọrùn hàn yín, bíi kẹ́ ẹ fi ọwọ́ ti ògiri ṣe push-up dípò ilẹ̀. Èyí tó bá sọ pé ikùn á wọlé láàárín ọ̀sẹ̀ kan, irọ́ ni, ẹ fò ó.

Tẹ́ ẹ bá ń ṣe é lọ, tẹ́ ẹ lè sọ̀rọ̀ àmọ́ tẹ́ ò lè kọrin, ó dáa bẹ́ẹ̀. Ìṣẹ́jú 150 irú eré bẹ́ẹ̀ lọ́sẹ̀ ni WHO (Àjọ Ìlera Àgbáyé) ní kí àgbàlagbà dé ó kéré tán, ẹ rọra máa lọ síbẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí tẹ́ ẹ lóyún, ẹ bá dókítà sọ̀rọ̀ kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Nítorí dátà, ẹ gbé àwòrán fídíò náà sí 360p, ẹ ṣì máa rí gbogbo ẹ̀ dáadáa.